Adùnní Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìdínlógún ṣe kò ní irinṣẹ́ tí ènìyàn lè gbé kọ́ ara ògiri kí àlejò máa wò ó. Ránṣọránṣọ ní ẹ̀rọ, káfíńtà ní ayùn. Èmi, orúkọ àwọn ènìyàn ni mo ń tọ́jú nínú kọ̀ǹpútà: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, ibo ló lè wọ̀, kí ló gbọ́dọ̀ rí tó bá débẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń múra àtiwọ yunifásítì bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà?" Mo ní iṣẹ́ ni, jàre. Ó gba làákàyè, ó gba sùúrù, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú. Màá sọ ibi tí mo ti ṣe é re. Màá sì sọ ọjọ́ tí mo la ẹnu mi, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ṣìkírátù lorúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ìyá Ràṣídá ni wọ́n ń pè mí ní Ìgàndò tí mò ń gbé. Títẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Dọ́pẹmu. Táípúráítà ni mò ń lò, kò sì sí lẹ́tà tí ojú mi gbọ́dọ̀ rí kí ìka mi tó tẹ̀ ẹ́. Àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ọ̀gá mi ra kọ̀ǹpútà, ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní òun ni kí n máa lò báyìí. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ìwé ẹjọ́ tí mo ti tẹ̀ pòórá. Mo sunkún. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Nígbà tó dé, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ka gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wá ìwé mi jáde.

Bó ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà náà. Òun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gbénró, kò tíì pé ọgbọ̀n. Ó wò mí títí.

"Ìyá Ràṣídá, mo kéré sí yín. Ṣé ẹ máa lè gba ìbáwí lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ̀yin ni ọ̀gá. Tí ẹ bá ní kí n kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀."

"Ẹ má kúnlẹ̀ o. Ẹ ṣáà máa kàwé."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dọ́pẹmu, lókè àwọn tó ń ta àga. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsìn, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, nínú aṣọ funfun, ó sì máa ń pààrọ̀ aṣọ kó tó sún mọ́ iṣẹ́. Èmi mùsùlùmí ni mí. Tí àkókò ìrun bá tó tí mo bá gbàgbé torí iṣẹ́ wọ̀ mí lára, òun ló máa ń sọ pé, "Ìyá Ràṣídá, ẹ lọ kírun yín." Ó ń pè mí ní ẹ̀yin, èmi náà ń pè é ní ẹ̀yin, títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà le. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n tún ohunkóhun ṣe. Ó máa tan kọ̀ǹpútà oníbàárà, ó máa jẹ́ kí àṣìṣe náà fara hàn, á ní, "Ẹ kà á sókè." Màá kà á. Gẹ̀ẹ́sì náà á máa ta lu ara wọn lẹ́nu mi. "Kí ló ń sọ?" Tí mo bá ní n kò mọ̀, á ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ wá lọ́la. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní àdúgbò yẹn ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, èmi ṣì ń kàwé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkọ mi bi mí pé ṣé ọ̀gá mi kì í ṣe ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó kàn fẹ́ máa lò mí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ni. Ó ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá jẹ́ kí n máa fọwọ́ kàn án, mo ba nǹkan jẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Kọ̀ǹpútà agbẹ̀bí kan ni. Ìbéèrè kan yọ lójú rẹ̀, ojú ń kán mi, mo tẹ̀ bẹ́ẹ̀ni láìkà á. Orúkọ gbogbo ọmọ tí obìnrin náà ti gbẹ̀bí wọn láti ọdún méjì pa rẹ́ pátápátá. Mo rò pé ọ̀gá mi máa bá mi bẹ oníbàárà. Ó ní rárá.

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún wọn."

Mo lọ. Agbẹ̀bí náà kígbe lé mi lórí lójú àwọn aláboyún tó wà ní ìjókòó. Ìwé ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ṣì wà, Ọlọ́run ṣeun, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó síbẹ̀, mo tún gbogbo orúkọ náà tẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi kàn tan kọ̀ǹpútà mìíràn, ó ní kí n kà á sókè.

Ibẹ̀ la wà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìdímù fi pè wá. Akọ̀wé wọn ní àwọn lẹ́tà òun kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ òun tẹ orúkọ òun àti páásíwọọ̀dù òun bó ṣe yẹ. Mo jókòó. Ìlà mẹ́ta ló wà lójú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn tí ẹ bá fẹ́ wọlé: orúkọ, páásíwọọ̀dù, àti ìlà kẹta tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Mo ka méjì àkọ́kọ́.

"Ẹ ò kà á tán," ni ọ̀gá mi wí.

Mo ka ìkẹta. Orúkọ kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ìlà yẹn ń béèrè ibi tí wọ́n ti mọ̀ yín," ló wí. "Àkáǹtì abẹ́lé wà, àkáǹtì dòméènì sì wà. Ti abẹ́lé, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yìí ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ti dòméènì, inú sáfà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá yẹn, gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa gbà á wọlé. Ẹnì kan ti yí ìlà yìí padà fún akọ̀wé yìí. Wọ́n ti wọ ilé mìíràn, wọ́n wá ń wá ẹrù wọn níbẹ̀."

"Orúkọ méjèèjì wá lè jẹ́ ọ̀kan náà?"

"Ṣìkírátù mélòó ló wà ní Ìgàndò?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin ni gbogbo wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí wọ́n bá dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi nínú iṣẹ́ yìí, kí n máa bèèrè pé ti ilé wo.

Mo gba òmìnira lẹ́yìn ọdún méjì. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn: ilé ìwé aládàáni ńlá kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀gá mi dárúkọ mi, wọ́n gbà mí. Obìnrin tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó sì máa ń rìn yí ilé ìwé po láàárọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó dé.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé, kò sí sáfà. Nítorí náà, mo ṣe àkáǹtì abẹ́lé fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ tó ń lò, mi ò sì fi páásíwọọ̀dù sí i torí wọ́n ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn ń gbàgbé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Màmá ra sáfà. Inú mi dùn bí ẹni tó kọ́lé. Mo kó gbogbo kọ̀ǹpútà sábẹ́ rẹ̀, mo ṣe àkáǹtì dòméènì tuntun fún gbogbo wọn, mo fi páásíwọọ̀dù tó lágbára sí i. Orúkọ kan náà ni mo lò kó má bàa dà wọ́n lójú rú. Àwọn àkáǹtì abẹ́lé àtijọ́ ńkọ́? Mo ní tó bá di ìsinmi, màá pa wọ́n rẹ́. Ìsinmi dé, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni sáfà yẹn bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì. Àwọn olùkọ́ fẹ́ tẹ ìwé èsì akẹ́kọ̀ọ́, wọn kò lè wọlé. Mo lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, mo fi ìlà kẹta hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n yí i sí orúkọ kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n lo orúkọ àtijọ́ wọn, kí wọ́n má kọ páásíwọọ̀dù rárá. Wọ́n wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tún sáfà ṣe, gbogbo wa gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Àǹtí Adùnní ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, Àgbàdo ló ti ń wá lójoojúmọ́. Nígbà ìdánwò àṣekágbá ọdún kan, wọ́n bá ìbéèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fọwọ́ kọ ọ́. Ìwé tí ẹ̀rọ wa tẹ̀ ni, pẹ̀lú ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yàrá olùkọ́ máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Màmá fagi lé ìdánwò náà. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Mo lọ síbi kọ̀ǹpútà tí wọ́n so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ́. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀: ìbéèrè ìṣirò, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ lówùúrọ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, adunni.

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Àkọsílẹ̀ ìtẹ̀wé yẹn kì í sọ ju orúkọ lọ. Kì í sọ ilé tí orúkọ náà ti wá. Ìwé mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà tó ń sọ ìyẹn, mo sì mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n Màmá ń dúró, gbogbo ilé ìwé ń dúró, inú mi sì ń dùn díẹ̀, kí n má purọ́, pé èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn, mo gbé e lọ.

A jẹ́ mẹ́rin nínú ọ́fíìsì náà: Màmá, èmi, Àǹtí Adùnní, àti Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn tó jẹ́ olórí ètò ìdánwò.

"Mà, mo wà nílé ní Sátidé," ni Adùnní wí. "Mo ń fọṣọ. N kò débí rárá."

"Ta ló rí ọ nílé?"

"Èmi nìkan ló wà nílé, Mà."

Màmá kọjú sí mi. "Ìyá Ràṣídá, ṣé ẹlòmíràn mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀?"

"Rárá, Mà. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n."

"Kọ̀ǹpútà kì í purọ́, àbí?"

"Kì í purọ́, Mà."

Adùnní yíjú sí mi. Kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó," ni mo wí.

Wọ́n ní kó lọ máa gbélé. Lọ́jọ́ kejì, lórí ìlà tí àwọn ọmọ ń tò láàárọ̀, Màmá sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé olùkọ́ ìṣirò wọn kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìbéèrè tó jáde. Àwọn ọmọ kùn. Mo wà lẹ́yìn níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró sí, mo sì gbọ́ tí ọmọbìnrin kan sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Àǹtí Adùnní olè."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ìgbìmọ̀ àwọn òbí ní àwọn fẹ́ ìwé lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nípa ọ̀rọ̀ náà, Màmá sì ní kí n kọ wákàtí tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà àti wákàtí tí wọ́n pa á. Torí ìyẹn ni mo ṣe ṣí ìwé kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń kọ àwọn tó wọlé sílẹ̀. Èmi nìkan ló wà ní yàrá olùkọ́, wọ́n ti lọ sí kíláàsì. Ó ti mọ́ mi lára láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, mo sì ń kà á sókè. Orúkọ: adunni. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni dòméènì. Ibi tó yẹ kí orúkọ sáfà wa wà, orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn ni mo kà jáde lẹ́nu.

Mo tún un kà.

Adùnní tó tẹ ìbéèrè kì í ṣe Adùnní inú sáfà, tó ní páásíwọọ̀dù. Adùnní abẹ́lé ni, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí kò ní páásíwọọ̀dù kankan, tí mo ní màá pa rẹ́ nígbà ìsinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ ló lè jẹ́ ẹ. Ìbéèrè náà pàápàá, inú àpò kan tí gbogbo olùkọ́ lè ṣí lórí ẹ̀rọ yẹn ni Adùnní fi í sí, torí èmi náà ni mo ṣe àpò ọ̀hún fún wọn.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí mi. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ láéláé, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé ìwé náà tó mọ ibi tí ìwé yẹn wà. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wá ní, "Ọ̀gá, kí ni kí n ṣe?"

Ó ní, "Ìyá Ràṣídá, ṣé ẹ ń bi mí ni, àbí ẹ ń sọ fún mi?"

Mo ní mo ń sọ fún un ni. Mo pa fóònù, mo lọ bá Màmá.

N kò ṣàlàyé púpọ̀. Mo ní kó tẹ̀ lé mi, mo ní kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. "Mà, ẹ kọ adunni síbẹ̀. Ẹ má kọ nǹkan kan sí ìlà kejì. Ẹ yí ìlà kẹta yìí padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Kọ̀ǹpútà ṣí. Ó kí Màmá káàbọ̀, ó pè é ní Adùnní.

Màmá nawọ́ sí orúkọ náà. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni mo ṣe é, Mà, kí sáfà tó dé. Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ẹ bi mí bóyá kọ̀ǹpútà máa ń purọ́. Kò purọ́. Èmi ni n kò kà á tán."

Ó dìde, ó lọ sí ẹnu géètì, ó gba ìwé tí ẹ̀ṣọ́ fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́. Ní Sátidé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gba kọ́kọ́rọ́ yàrá olùkọ́. Wọ́n ti rí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ètò ìdánwò ni, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ó wá síṣẹ́. Màmá pè é. Kò bá a fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Fọlárìn, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ Adùnní wọlé?"

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn wò mí, ó tún wo ilẹ̀. "Ìyá Ràṣídá ló kọ́ gbogbo wa, Mà, lọ́jọ́ tí sáfà bàjẹ́." Ó wá jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bá ìbéèrè lọ́wọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àfikún nílé rẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Ó ti fọwọ́ sọ̀yà fún àwọn òbí wọn pé wọ́n máa yege. Ó ní òun kò rò pé yóò di ti Adùnní. Orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Mo wọkọ̀ lọ sí Àgbàdo. Mo bá Adùnní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé pátákó dúdú kékeré kan ti ògiri, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́rin ní ìsọdipúpọ̀. Mo kí i bí ẹni tó jù mí lọ. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré, ó gbé àga fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fi hàn mí," ló wí.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà mẹ́ta sórí pátákó náà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ìkíní lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ilé méjèèjì hàn án. Olùkọ́ ni, kò pẹ́ tó fi yé e.

"Nítorí náà, orúkọ mi wà níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ní kí ẹ tún un wò, Ẹ̀gbọ́n."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò wò ó?"

Mo ti ronú nípa ìbéèrè yẹn nínú ọkọ̀. Mo ti wá ìdáhùn tó dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wò mí, òótọ́ ló jáde. "Ojú ń tì mí láti padà lọ wò ó lójú Màmá. Mo fẹ́ kó dà bíi pé mo mọṣẹ́."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ mi, ó jókòó. Ó ní Màmá ti pe òun, ó ti bẹ òun, ó ní kí òun padà wá. Ó ní òun máa wá lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n orí ìlà ni wọ́n ti dárúkọ òun, orí ìlà náà ni kí wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. "N kò sì fẹ́ kí Màmá sọ ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mo ní èmi ni mo sọ pé Àǹtí Adùnní ló tẹ ìbéèrè, irọ́ ni, mo ṣe àṣìṣe, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Adùnní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àsíá, ó ń wo iwájú. Nígbà tí mo parí, ó fi kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ lé Màmá lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun dúpẹ́, òun kò ní lè ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Ó jáde ní géètì bí àwọn ọmọ ṣe ń to wọ kíláàsì.

Màmá fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé yóò lé mi. Ó ní àṣìṣe yẹn ni owó ilé ìwé tí òun san lórí mi, kí n dúró kí n fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo pa gbogbo àkáǹtì abẹ́lé àtijọ́ rẹ́, láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìsinmi lẹ́yìn ìgbà náà, mo máa ń gbé ìwé àti bírò, mo máa ń yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò, mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àwọn wo ni ó mọ̀. Kọ̀ǹpútà wa kúrò ní mẹ́rin, ó di ogójì, ó di àádọ́rùn-ún. Mo mọṣẹ́ náà wàyí, kì í ṣe pé mo fẹ́ kó dà bíi pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé ìwé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yá mi lọ́wọ́ Màmá.

Irinṣẹ́ kò sì dúró sójú kan. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun dé tí kò ní ìlà kẹta mọ́; ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ yín kọ àmì ìdánudúró kan àti ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú orúkọ tí ẹ bá fẹ́ wọ abẹ́lé. Àwọn kan tó tún dé lẹ́yìn wọn ń béèrè àdírẹ́sì í-meèlì. Sáfà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń nu eruku ara rẹ̀, wọ́n ní ibì kan tí n kò lè dé ló wà báyìí, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo lé ní àádọ́ta ọdún, mo ṣì ń lọ jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò ju Ràṣídá ọmọ mi lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí wà fún ọ̀dọ́ nìkan, tàbí fún ọkùnrin nìkan. Ẹni tó bá lè fara balẹ̀ kàwé ló wà fún.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Adùnní lọ, fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, Adùnní ni. Mo ti ní ilé ìwé kékeré kan ní Àgbàdo. Mo fẹ́ kó kọ̀ǹpútà mẹ́jọ síbẹ̀."

Mo ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ ní àgbègbè wọn.

"Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣe irú àṣìṣe tí ẹ ṣe. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ ṣe é."

Mo lọ. Mo ṣe é fún un bí ẹni ń ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ó jókòó tì mí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń bi mí léèrè orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ̀yìn tì nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí. Ọmọ́tọ́lá ni wọ́n fi rọ́pò mi, ọmọbìnrin tó gboyè nípa kọ̀ǹpútà, ó já fáfá. Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, òun ló yẹ kó pa àkáǹtì mi. Ó gbé ọwọ́ lé máòsì, kò lè tẹ̀ ẹ́.

"Mà, ṣé kí n fi í sílẹ̀ títí di oṣù tó ń bọ̀? Bóyá ẹ máa nílò rẹ̀."

"Pa á."

Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi di àwọ̀ eérú lójú ẹ̀rọ. Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti parí, Mà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Kò tíì parí. Ti inú sáfà lo pa. Ṣìkírátù kan wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìdánwò, ti abẹ́lé. Mo ṣe é ní ìjẹta nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì wọn já."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Èmi mọ̀," ni mo wí. Mo gbé àpò mi, a jọ rìn lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, mo dúró tì í títí tó fi pa á.